Ẹbọ Tí Ìbírónkẹ́ Ṣe Fọ́tókọ́pì Rẹ̀

Sáré-kọ-ọ́-kí-wọ́n-tó-nù-ún, awo orí pátákó,
Ẹrù-ìwé-ń-ga-ọrùn-ń-kúrú, awo inú ọ̀dẹ̀dẹ̀,
Buwọ́-lù-ú-kí-n-máa-lọ, awo ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì,
àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dífá fún Ìbírónkẹ́, ọmọ bàbá tó ń tún aago ṣe, ní ọjọ́ tó dúró níwájú ọ̀nà ẹ̀kọ́ mẹ́ta, tí wọ́n ní kó mú ọ̀kan, tó ní òun ò lè fi méjì sílẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ dáadáa. Ìtàn yìí kì í ṣe ti ìgbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Òkè-Ìrókò ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ilé ìkàwé ga débi pé lékeléke tó bá fẹ́ fò ó kọjá á kọ́kọ́ bà sí àjà kejì, á sinmi, á mu omi, á tó máa bá tirẹ̀ lọ. Ìwé inú ilé yẹn, bí wọ́n bá tò ó sílẹ̀ lójú títì, á dé Ìlọrin, èyí tó bá ṣẹ́kù á tó fi se ẹ̀wà fún odindi ìlú.

Gẹ̀ẹ́sì ni Ìbírónkẹ́ ń kọ́ níbẹ̀. Ó ti lo ọdún méjì gbáko nídìí ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún ti wọ̀ ọ́ lára débi pé bó bá sín, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sín. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ìjọ wọn pé ọmọ òun máa tó mọ Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn tó ni ín lọ, pé àwọn olówó ẹ̀ máa tó wá yá a lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin kan ló wà ní ẹ̀ka wọn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọdún kẹta gbọ́dọ̀ mú ọ̀nà kan ṣoṣo tó máa tọ̀ títí tó fi máa jáde. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni lítíréṣọ̀. Àwọn yẹn máa ń ka ìtàn tí ẹlòmíì ti kọ parí, wọ́n á wá jókòó yí i ká, wọ́n á máa bi ara wọn pé kí ló ní lọ́kàn gan-an. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú, kò lè dá wọn lóhùn, ìyẹn ni iṣẹ́ ò ṣe tán lọ́wọ́ wọn. Ìkejì ni èdè. Àwọn yẹn máa ń la ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ bí alápatà ṣe ń la ẹran, wọ́n á ní apá ibí jáde láti ètè, apá ibẹ̀ jáde láti ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n á wá kó o pa dà bó ṣe wà. Ìkẹta ni ìwé kíkọ. Àwọn yẹn ń kọ tiwọn. Wọ́n máa ń wo ọ̀ọ́kán, tí o bá kí wọn, wọn ò ní gbọ́.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n máa kọ orúkọ ọ̀nà náà sí, tí olùkọ́ á sì buwọ́ lù. Ọjọ́ Ẹtì, tí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù, ìlẹ̀kùn tì nìyẹn. Ẹni tí ò bá ní ìbuwọ́lùwé máa pa dà sí ọdún kejì. Ó máa jókòó láàárín àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n á máa pè é ní Àǹtí, wọ́n á máa dìde fún un ní àga. Ìbírónkẹ́ ń bẹ̀rù Àǹtí yẹn ju ikú lọ.

Àṣà kan ló kó bá a. Ní ẹ̀ka yẹn, ẹni tó bá ń jáde lọ kì í gbé nóòtì rẹ̀ lọ sílé. Ó máa ń wá ọmọ kan láàárín àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó máa ń kó gbogbo nóòtì ọdún méjì tó gbẹ̀yìn fún un, ọmọ náà á sì tọ ọ̀nà tí ẹni yẹn tọ̀. Bí wọ́n ṣe ń jogún aṣọ nílé wa náà ni wọ́n ṣe ń jogún nóòtì níbẹ̀. Ọmọ kan, ìyá ilé ìwé kan, ẹrù nóòtì kan.

Mẹ́ta ni Ìbírónkẹ́ ní.

Nígbà tí ọdún kìíní rẹ̀ ń parí, ó lọ bá èyí tó ń ṣe lítíréṣọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ọ̀nà yín ni màá tọ̀, Àǹtí mi." Wọ́n gbé ẹrù fún un. Ó lọ bá ti èdè, ó kúnlẹ̀ sí ojú kan náà, ó ní, "Ọ̀nà yín ni màá tọ̀, Àǹtí mi." Wọ́n gbé ẹrù fún un. Ó lọ bá ti ìwé kíkọ, ẹ ti mọ ohun tó sọ. Lọ́jọ́ yẹn, orúnkún rẹ̀ bó.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló kó wọn sí. Nóòtì lítíréṣọ̀ nìkan wúwo tó ọmọ ọdún mẹ́rin tó jẹ iyán yó. Bẹ́ẹ̀dì gòkè débi pé Ìbírónkẹ́ máa ń gun àga kó tó lè sùn, bó bá sì jí lójijì, orí rẹ̀ á ba páànù. Ṣijúwadé, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé inú yàrá, máa ń wò ó láti ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wo òṣùpá.

Bí àwọn ọmọ kíláàsì bá wá, tí wọ́n ní, "Ìbírónkẹ́, yá mi ní ojú ewé méjì péré," á ní, "Kí lèmi máa wá kà?" Kò sì ka ìkankan. Ó kàn ń ní i ni. Ibi tó bá ti ń kọjá, wọ́n á máa nàka sí i fún ara wọn pé òun ló ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orí rẹ̀ á sì wú.

Ọ̀sẹ̀ fọ́ọ̀mù wá dé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìbírónkẹ́ jí sí lítíréṣọ̀. Kó tó fọ ẹnu tán, ó ti di èdè. Nígbà tó jẹun ọ̀sán, ìwé kíkọ ni. Ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́, ó fi rọ́bà pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó tún un pa rẹ́, títí fọ́ọ̀mù fi lu. Nígbà tó gbé e sókè, ó rí Ṣijúwadé láti inú ihò.

Ṣijúwadé ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mú ọ̀kan nínú ẹ̀ kí á sinmi."

"Tí mo bá mú ọ̀kan, àwọn méjì tó kù ńkọ́?"

"Wọn ò ní sunkún."

"O ò lè mọ̀. Bó bá jẹ́ pé inú èyí tí mo fi sílẹ̀ gan-an ni oríire mi wà ńkọ́?"

"Èwo ló wù ọ́ nínú wọn?"

Ìbírónkẹ́ ya ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó pa á dé. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù bà á, torí ó ti gbé gbogbo wọn jọ fún ọdún kan, kò sì tíì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn rí. Ó bá gba ọ̀dọ̀ awo lọ.

Àwọn awo mẹ́ta tí a dárúkọ níbẹ̀rẹ̀, ẹ má rò pé inú igbó ni wọ́n wà. Ẹ̀ka yẹn gan-an ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ń ṣọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan ń gbé fáìlì káàkiri. Àgbà wọn ni Ìyá Fáṣọlá, ìyánífá tó ti ń nu pátákó fún ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí wọ́n ti kọ sórí pátákó yẹn láti ọgbọ̀n ọdún, ìyá yìí ló nù ún kẹ́yìn, torí náà kò sí nǹkan tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ tí kò kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mélòó kan máa ń yí ẹsẹ̀ pa dà bí wọ́n bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán.

Inú yàrá ìgbálẹ̀ ni Ìbírónkẹ́ ti bá a. Ìyá ò bi í pé kí ló dé. Ó gbọn eruku ṣọ́ọ̀kì láti ara ìnupátákó sórí páálí pẹrẹsẹ kan, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó wò ó, ó mi orí.

"Ifá ní o kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, o sì parọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kéré tán."

Ìbírónkẹ́ wo ilẹ̀. "Ìyá, kí ni kí n ṣe?"

"Ẹbọ ni. Ẹ̀kọ mẹ́rìndínlógún, àkàrà mẹ́rìndínlógún."

Inú Ìbírónkẹ́ dùn. Ẹ̀kọ ò le. Ó ti ń dìde.

"Jókòó, n ò tíì parí. Àti ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ."

Ó tún jókòó. Kò sọ fún ìyá pé nǹkan kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Gbogbo rẹ̀, Ìyá?"

"Gbogbo rẹ̀. Wàá kó o lọ sí oríta tó wà níwájú ẹ̀ka yín, lábẹ́ igi furúútù. Wàá jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá wá tọrọ, jẹ́ kó tọrọ tán. Má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, má bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Tó bá sọ tẹnu rẹ̀ parí, fún un, kó o sì fún un ní ẹ̀kọ àti àkàrà. Ewé kan ò gbọdọ̀ bá ọ pa dà sílé."

"Tí wọ́n bá kó o lọ tán, kí ni màá wá fi ka ẹ̀kọ́ tí mo bá mú?"

Ìyá Fáṣọlá gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀. "Ìwọ lo wá bi Ifá. Ifá ò wá bi ọ́."

Ìbírónkẹ́ padà sílé, ó rò ó, ó rò ó. Ó wá rántí pé Ifá ò dárúkọ fọ́tókọ́pì. Nóòtì ni Ifá ní kó kó sílẹ̀, kò ní kó má ní ẹ̀dà rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé òun ti gbọ́n ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó di ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti omi, ó tì í lọ sí ṣọ́ọ̀bù Gàníyù oní-fọ́tókọ́pì.

Ẹ̀rọ Gàníyù ti dàgbà. Tó bá ń ṣiṣẹ́, á wúkọ́, á gbọ̀n, àwọn ọmọ inú oyún ní òpópónà yẹn á máa tàpá. Ó ṣe é láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún, ó dé lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, jẹnẹrétọ̀ ló parí ìyókù. Bí wọ́n ṣe tò ó tán, òkìtì fọ́tókọ́pì mẹ́ta lórí tábìlì, ni atẹ́gùn kan dé. Atẹ́gùn ọ̀hún ò mi ewé kan lára igi, kò gbọn aṣọ kan lára okùn. Ṣọ́ọ̀bù Gàníyù nìkan ló wọ̀. Ó kó òkìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dà wọ́n pọ̀, ó fọ́n wọn ká ilẹ̀, ó jáde. Ẹ mọ ẹni tó máa ń rán irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀. Èṣù ò lọ sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣe màgòmágó nídìí ẹbọ, kò sí ẹni tó ń yára mọ̀ ọ́n tó o.

Ìbírónkẹ́ ti gba ojúlówó, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bojú wẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tò ó dáadáa o."

Gàníyù ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Sìsítà, ẹ máa lọ, mo mọ iṣẹ́ mi. Kí ẹ tó dé, á ti dọ́gba."

Ó dọ́gba lóòótọ́. Gàníyù tò ó kí igun kan má yọ ju igun kan lọ. Ìwọ̀nba ohun tó mọ̀ nípa ìwé nìyẹn, kò sì parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìbírónkẹ́ lọ sí oríta. Ẹ wo bó ṣe rú ẹbọ. Ẹni àkọ́kọ́ dé, ó ní, "Ẹ káàsán, mo gbọ́ pé..." Ìbírónkẹ́ ti tì í sí i lọ́wọ́. Ẹnì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ẹnu, ó ti ki àkàrà bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ju nóòtì bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ. Kó tó tó ààbọ̀ wákàtí, gbogbo rẹ̀ ti tán, àwọn tó gbà á ò tíì mọ ohun tí wọ́n gbà. Ó gbọn ọwọ́, ó lọ gba òkìtì lọ́wọ́ Gàníyù, ó kó o sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gun àga, ó sùn.

Ṣijúwadé ní, "Mo rò pé wọ́n ní ewé kan ò gbọdọ̀ bá ọ dé ilé."

"Èyí kì í ṣe ewé náà. Àwòrán ẹ̀ ni."

Ọjọ́rú ló jáde síwájú àwọn olùkọ́. Àwọn mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì gígùn kan, ti lítíréṣọ̀ lápá ọ̀tún, ti èdè lápá òsì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbèsàn, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wọn, láàárín. Ojú ìyá yìí mú débi pé bó bá wo fọ́ọ̀mù, yíǹkì á gbẹ. Ẹni tó bá dé iwájú wọn á sọ ọ̀nà tó fẹ́, á sọ ohun tó rí níbẹ̀, wọ́n á buwọ́ lù ú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní Yorùbá, kí orí má baà fọ́ wa.

Ìbírónkẹ́ ò tíì mú ọ̀kankan. Ó gbé òkìtì kan dání, ó rò pé èyí tó bá ṣí ni òun máa gbà. Ó ṣí i. Orí ewì ìfẹ́ kan ló ṣí sí. Ó ní, "Lítíréṣọ̀ ni mo fẹ́, mà."

Olùkọ́ lítíréṣọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Sọ ewì kan tó wù ọ́ fún wa, kó o sì túmọ̀ rẹ̀."

Ìbírónkẹ́ kà á jáde pẹ̀lú ìgboyà. "Akéwì yìí ń dárò olólùfẹ́ rẹ̀. Ó ní ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí òjò ń rọ̀, arẹwà náà dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ojú òun, ó wá..." Ó ṣí ewé kejì. "...gbé iwájú ahọ́n kan òkè ẹnu lẹ́yìn eyín, èémí sì gba imú jáde."

Olùkọ́ èdè tẹ̀ síwájú. "Ta ló ni ahọ́n yẹn?"

"Arẹwà náà ni, sà."

"Ta ló ni òkè ẹnu?"

Ìbírónkẹ́ wo ìwé. Kò sọ níbẹ̀. Ó ṣí ewé tó tẹ̀ lé e kíákíá. "Níbi tí a dé yìí, ó yẹ kí ọ̀dájú ẹ̀dá kan wọlé, kí òǹkàwé lè kórìíra rẹ̀." Ó ṣí òmíràn. "Bí ètè méjèèjì bá pa dé, tí wọ́n sì ṣí lójijì, ìbúgbàù máa ń wáyé."

Olùkọ́ lítíréṣọ̀ fi aṣọ bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn tó wà lórí ìlà lóde rẹ́rìn-ín débi pé méjì nínú wọn gbàgbé ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ mú, wọ́n tún lọ sẹ́yìn ìlà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbèsàn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ìbírónkẹ́, gbé ìwé yẹn sílẹ̀."

Ó gbé e sílẹ̀.

"Ó yá, sọ ọ́ fún mi. Kí lo fẹ́?"

Ìbírónkẹ́ dúró. Láìsí ìwé lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ibi tó máa wà. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ́, ó dì í sẹ́yìn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fọ́ọ̀mù tuntun sí i, torí èyí tó mú wá ti di asẹ́. "Pa dà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ọwọ́ òfìfo ni kó o gbé wá. Bí o ò bá ní nǹkan kan tí wàá sọ látọkàn ara rẹ, màá kọ ọ́ pa dà sí ọdún kejì, mi ò sì ní ronú lé e."

Omi lójú, imú ń ṣàn, ó di yàrá ìgbálẹ̀.

"Ìyá, ẹbọ yín ò ṣiṣẹ́."

"Ẹbọ wo?"

"Nóòtì tí ẹ ní kí n fún wọn. Mo fún wọn tán. Ojúlówó ni mo tiẹ̀ fún wọn."

Ìyá Fáṣọlá ń fọ ìnupátákó rẹ̀ lọ. "Kí ló wá kù sọ́wọ́ rẹ?"

Ìbírónkẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"O fún àwọn èèyàn ní ewúrẹ́, o sì so ewúrẹ́ náà mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Etí Ifá ni ò wá gbọ́ ẹ̀rọ Gàníyù? Èmi tí mo wà níbí, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fi gbọ́ ọ. Mo tiẹ̀ ní kí wọ́n ti fèrèsé."

"Ìyá, mo ti jẹ̀bi."

"Àwọn tó wá tọrọ ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ?"

"Mi ò gbọ́, mà. Mo yára."

"Ibẹ̀ gan-an lo ti rẹ́ ẹbọ jẹ jù," ni ìyá wí. "Ó ku ọ̀la. Ẹ̀kọ tuntun, àkàrà tuntun. Lọ rú u."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ìbírónkẹ́ kó òkìtì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì sọ̀ kalẹ̀, yàrá fẹ̀ sí i. Ó lọ jókòó lábẹ́ igi furúútù. Ó kọ́kọ́ rò pé kò sẹ́ni tó máa wá fún ìwé tó ti dàrú. Ẹ wá wo nǹkan, ìròyìn ahọ́n arẹwà ti la ilé ẹ̀kọ́ já, gbogbo èèyàn ló fẹ́ ní ojú ewé kan nínú ìwé náà. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló wá, ẹ̀kọ àti àkàrà mẹ́rìndínlógún di ẹ̀rún-ẹ̀rún kó tó kárí. Ìlà gùn láti abẹ́ igi dé ilé ìkàwé, ó yí i po, ó tún bọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó jẹ́ kí wọ́n tọrọ tán.

Ọmọkùnrin kan dé, ó ní, "Ẹ kú oòrùn o. Ṣé dáadáa la jí? Àwọn ará ilé ńkọ́? Oòrùn yìí pọ̀ fún ẹ̀yin nìkan o." Ó kí i títí, ó dúró, ó wo igi, ó ní igi náà dára. Kò dárúkọ ìwé rárá. Ìbírónkẹ́ ń retí. Ọmọkùnrin náà ń retí pẹ̀lú. Ìgbà tó pẹ́ ló ní, "Bí ẹ ṣe pa wá lẹ́rìn-ín lánàá tiẹ̀ wù mí." Ìbírónkẹ́ mọ̀ pé ó ti tọrọ tán. Ó fún un.

Òmíràn dé tìbínú tìbínú. "Èmi ò nílò ìwé ẹnikẹ́ni o. Mo kàn ń kọjá ni." Kò kọjá. Ó dúró gbọin. Ó fún òun náà.

Ọmọbìnrin kan ní àbúrò òun ló rán òun. Ọ̀kan ní bàbá òun ń ṣàìsàn. Ọ̀kan ní òun lálàá rí Ìbírónkẹ́ nínú aṣọ funfun. Ìyá alákàrà tó bá a dín àkàrà ní, "Ọmọ mi, ó jọ pé bébà yẹn á gba epo dáadáa." Ìbírónkẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, nǹkan kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn. Ó ń fi ara balẹ̀ de ẹni tó kàn, láti mọ ibi tí tirẹ̀ máa gbà wọlé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, bí ẹnì kan bá ṣe kí i, ó ti mọ ohun tó fẹ́ tọrọ àti bó ṣe fẹ́ ẹ tó. Ó gbàgbé láti jẹun. Ó gbàgbé fọ́ọ̀mù.

Ẹni ìkẹyìn tó dé ni Ṣijúwadé. Ó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ooru ti mú jù. Ó ní bẹ́ẹ̀dì wọn ti sọ̀ kalẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó fa koríko kan tu. Ìbírónkẹ́ ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Ṣijúwadé ní, "Ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ tó wà nínú ẹ̀ yẹn. Bí ó bá ṣẹ́ kù."

Ojú ewé méjìlá ló ṣẹ́ kù. Ti ìwé kíkọ pọ̀ nínú wọn.

"Ṣé ọ̀nà tó o fẹ́ mú nìyẹn?"

"Ó ti pẹ́."

"Ọdún kan ni mo fi sùn lé e lórí, o ò sọ fún mi rí."

"Mo sọ," ni Ṣijúwadé wí. "Gbogbo ìgbà tí mo ní kó o mú ọ̀kan, ohun tí mo ń sọ nìyẹn."

Ìbírónkẹ́ kó méjèèjìlá fún un, ó fi ẹ̀rún àkàrà tó kẹ́yìn lé e. Ọwọ́ òfìfo ló gbé délé.

Ọjọ́ Ẹtì, ìlà gùn bí ọ̀nà ọjà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago méjìlá lù nígbà tó kàn án. Ó wọlé, ó kí wọn, ó dúró. Kò mú ìwé, kò mú báàgì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbèsàn wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ó yá."

"Mà, ẹni mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ló tọrọ ìwé lọ́wọ́ mi lánàá." Ìbírónkẹ́ ló pè é bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀ọ́dúnrún ni, ìtìjú ni ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ní kí n fún òun. Ẹnì kan kí mi títí ó fi gbà á. Ẹnì kan bínú gbà á. Ẹni tó fẹ́ ẹ jù nínú wọn, ọdún kan ló fi ń tọrọ, mi ò sì mọ̀, torí mi ò tẹ́tí." Ó wá ń sín àwọn tó tọrọ jẹ fún àwọn olùkọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ojú àti èjìká sọ ọ́. Nígbà tó dé orí ẹni tó ní òun kàn ń kọjá, Ọ̀jọ̀gbọ́n fi bírò bo ẹnu.

Olùkọ́ èdè bi í pé, "Èdè wo ni wọ́n fi tọrọ?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn fi tọrọ, sà. Ṣùgbọ́n Yorùbá ló ń tọrọ nínú Gẹ̀ẹ́sì náà."

"Kí lo wá fẹ́?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Èdè, mà. Mo fẹ́ mọ ìdí tí èèyàn fi máa ń yí ọ̀rọ̀ po tó bẹ́ẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ, àti bí ẹni tó ń gbọ́ ọ ṣe máa ń mọ̀ pé ó ti dé."

"Kò dùn ọ́ pé o fi lítíréṣọ̀ sílẹ̀?"

"Ó dùn mí díẹ̀, mà. Mo lè máa kà á fún ìgbádùn."

Bírò sọ̀ kalẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ gbọ́, ìró rẹ̀ dé ìlú ìyá Ìbírónkẹ́, obìnrin náà wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó kàn dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, wọn ò tíì lu ìlù.

Ìbírónkẹ́ yọ̀, ó yin àwọn awo mẹ́ta, àwọn awo yin Ifá. Ó ní bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí, òun ni òun kọ́kọ́ gé e kù. Wọ́n ní kó rúbọ, ó fi ẹ̀dà rú u, ẹ̀dà ire ló rí gbà, gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ní kó gbọ́, kò gbọ́, ojú tì í níwájú àgbà. Ó padà rú u tán, ó gbọ́ ọ tán, ire tirẹ̀ gan-an sì wá bá a níbi tó jókòó sí.

Ifá ní ire ni fún ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn, tí kò sì tọ́jú ìdajì ẹbọ pa mọ́. Ifá tún ní ẹnì kan wà láàárín àwa tí a jókòó síbí, tó kó ẹrù mẹ́ta sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń gun àga kó tó sùn. A ò ní dárúkọ rẹ̀. Kó tètè lọ kó o jáde, kí ọrùn tó wọlé tán.